Ẹyẹ Wo?

Ó ti lé ní oṣù kan tí ìbéèrè kékeré kan ti ń bá mi jí, tó sì ń bá mi sùn. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí etí ìwé àròkọ mi, ní kíláàsì tí mo ti ń kọ́ èdè Ṣáínà ní ìlú Hangzhou. Olùkọ́ wa kò fagi lé ohun tí mo kọ. Ó kàn fi ìlà pupa yí àmì mẹ́rin ká, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹyẹ wo?"

Àmì mẹ́rin ọ̀hún ni 鸟语花香. Niao yu hua xiang: ọ̀rọ̀ ẹyẹ, òórùn òdòdó. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni pé kí oníkálukú júwe ibì kan tó ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Mo mú ọ̀nà etí odò tó ti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kíláàsì. Mo sọ̀rọ̀ omi, mo sọ̀rọ̀ afárá, mo sọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tó ń na ara lábẹ́ igi. Nígbà tí mo wá fẹ́ sọ pé ibẹ̀ dùn ún wò, mo gbé àkànlò yẹn síbẹ̀ bí ẹni gbé adé lé ọba lórí. Mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ kan há a sórí. Inú mi dùn pé mo ríbi lò ó.

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju kí wọ́n fún mi ní òdo lọ.

## Ẹṣin tí gbogbo ayé ti gùn

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi èdè Ṣáínà kọ àròkọ rí mọ bí chengyu, irú àkànlò èdè yìí, ṣe níyì tó níbẹ̀. Àmì mẹ́rin péré, odidi ìtàn kan sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé ń há wọn sórí, àgbàlagbà ń fi wọ́n dárà nínú ọ̀rọ̀. Àwa náà mọ irú rẹ̀: òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí gbogbo ayé bá ti gùn, ojú ọ̀nà kan náà ló máa ń tọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í sì í wo ọ̀nà mọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, mo bá olùkọ́ wa jà nínú ọkàn mi. Mo ń rí niao yu hua xiang níbi gbogbo: lára pátákó ìpolówó ilé tuntun, nínú ìwé pélébé àwọn tó ń mú èèyàn rìnrìn àjò, lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ ìlú náà. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ẹyẹ wo. Mo rò pé torí pé àjèjì ni mí ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè sọ òótọ́ fún ara mi pé n kò mọ èsì ìbéèrè náà. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń gba ọ̀nà yẹn, oṣù kẹta ni mo kọ àròkọ. N kò lè sọ bóyá ẹyẹ kan ló ń ké níbẹ̀ ni tàbí mẹ́wàá, bóyá àárọ̀ ni wọ́n ń ké tàbí ìrọ̀lẹ́, bóyá wọ́n dúdú ni tàbí wọ́n funfun. Ká tiẹ̀ ní wọn kò ké rárá, ohun tí mo máa kọ náà nìyẹn. Òdòdó tó sì wà lójú ọ̀nà yẹn ní àsìkò ọ̀hún, kò ní òórùn kankan.

## Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà

Mo lọ wá orísun àkànlò náà. Ìwé atúmọ̀ èdè tọ́ka sí ewì kan láti ọwọ́ Lü Benzhong, ẹni tí wọ́n bí ní 1084, tó sì kú ní 1145. Mo retí ewì ayọ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí, bí mo ṣe lè sọ ọ́ ní èdè wa: ohùn ẹyẹ àti òórùn òdòdó ń yí padà di òjìji ìrọ̀lẹ́; ara ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ̀ mí díẹ̀ ni, ẹ̀rù sì ń bà mí kí àìsàn má tún wá mi wá.

Mo ka ìlà méjèèjì yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú bá èmi náà. Àìsàn ló ń bá ọkùnrin yìí fínra. Ọjọ́ ń lọ. Ohùn ẹyẹ tó gbọ́ kì í ṣe ti ìgbádùn lásán. Ohun tó fẹ́ di mú ni, tó sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ayé ìgbà tirẹ̀ kì í sì í ṣe ayé ìrọ̀rùn: ní 1127 ni àwọn ọmọ ogun Jurchen gba Kaifeng, olú ìlú ìjọba Song, tí wọ́n kó ọba lẹ́rú lọ sí àríwá, tí ìyókù ààfin sì sá wá sí gúúsù, títí Hangzhou tí mo wà yìí fi di ibùjókòó wọn ní 1138.

Àmì méje ló wà nínú ìlà ewì náà. Àwọn tó jogún rẹ̀ mú mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹyẹ àti òdòdó, wọ́n sì fi mẹ́ta tó gbé ìrọ̀lẹ́ dání sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló tó wọ̀ mí lára.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tú àwọn chengyu ẹyẹ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni jing gong zhi niao, ẹyẹ tí ọrun dẹ́rù bà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo rí, tí ohun kékeré fi ń já a láyà, ni wọ́n ń lò ó fún. Ìtàn rẹ̀ ni pé tafàtafà kan tó ń jẹ́ Geng Lei wà pẹ̀lú ọba ilẹ̀ Wei, wọ́n rí ẹyẹ lókè. Geng Lei ní òun lè fi ọrun tí kò ní ọfà mú ẹyẹ balẹ̀. Láìpẹ́, pẹ́pẹ́yẹ igbó kan fò bọ̀ láti ìlà oòrùn. Ó fa ọsán ọrun, ó jẹ́ kó dún, ẹyẹ já bọ́. Ẹnu ya ọba. Geng Lei ní ẹyẹ náà ti fara gbọgbẹ́ tẹ́lẹ̀ ni. Báwo lo ṣe mọ̀? Ó ní: ó ń fò jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń dunni. Ó ń fò jẹ́jẹ́ nítorí ọgbẹ́ àtijọ́ ń ro ó. Ohùn rẹ̀ ń dunni nítorí ó ti pẹ́ tó ti pàdánù ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọsán, ẹ̀rù mú un, ó fẹ́ fò ga, ọgbẹ́ yẹn sì là.

Ẹ wo bí ọkùnrin yẹn ṣe wo ẹyẹ kan ṣoṣo. Ó ka ìyẹ́ apá, ó ka ohùn, ó mọ̀ pé ó dá wà. Gbogbo ìwòye yẹn ni wọ́n dì sínú àmì mẹ́rin, tí àwa sì ń lò bí ẹni ń ná owó ẹyọ.

## Bàbá olórí funfun

Ní Hangzhou, adágún kan wà tí wọ́n ń pè ní Xihu, Adágún Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ayé ìjọba Song ti gúúsù ni wọ́n ti ṣa ibi mẹ́wàá tó lẹ́wà jù lẹ́bàá rẹ̀, tí wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Liu lang wen ying: ìgbì igi willow, níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn ying, ẹyẹ olórin. Ní 1699, Olú Ọba Kangxi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àwọn orúkọ náà kí wọ́n gbẹ́ wọn sára òkúta. Mo ti kọjá lára òkúta yẹn rí láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ ló dá mi dúró. Wen, gbọ́. Wọn kò ní kí ẹni tó bá débẹ̀ kàn wò.

Mo lọ ní àárọ̀ Sátidé kan, ní ìparí oṣù kẹta, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Mo rò pé àwọn ẹyẹ á ti tò sórí igi dè mí. Ìgbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́: obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn ń gbá ewé jọ. Lẹ́yìn náà, orin tí àwọn ìyá àgbà fi ń jó lápá kejì ọgbà. Bọ́ọ̀sì. Ajá kan. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo pa fóònù mi, mo dijú. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí etí mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Bàbá àgbàlagbà kan dúró nítòsí, ó gbé kámẹ́rà ẹlẹ́nu gígùn sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo kí i, mo pè é ní yeye, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà níbẹ̀. Mo bi í bóyá ying ni èyí tó ń ké lókè wa. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé ìka kan sókè. Mo rò pé ó ní kí n dákẹ́ ni, àṣé ó ń tọ́ka.

Lórí ẹ̀ka igi kámífọ̀ kan, ẹyẹ kékeré kan bà. Àwọ̀ eérú ni àyà rẹ̀, ìyẹ́ apá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ gbẹ, orí rẹ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ojú títí dé ìpàkọ́, ó funfun gbòò, bí ẹni pé wọ́n lẹ òwú mọ́ ọn. Ó na ọrùn, ó ké. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì ń já wọlé jáde, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣan ife onígíláàsì nínú omi tútù. Ó dákẹ́. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó tún ké, lọ́tẹ̀ yìí kúkúrú.

"Baitouweng," ni bàbá wí. Bàbá olórí funfun. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lójú kámẹ́rà, ó sì sọ fún mi pé àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ máa ń ya méjì wọn pọ̀ sórí ẹ̀ka kan, láti fi ṣàdúrà fún tọkọtaya pé kí wọ́n jọ hu ewú. Ó wá bi mí pé ibo ni mò ń gbé. Mo sọ fún un.

"Ó wà lójú fèrèsé rẹ náà," ni ó wí. "Òtútù ni o, oòrùn ni o, kì í kúrò ní ìlú yìí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fọ ẹnu, mo ṣí fèrèsé. Ohùn kan náà. Èmi ti ń gbọ́ ohùn yìí láti oṣù kẹsàn-án! Mo ti kà á mọ́ ariwo ìlú, mọ́ dídún agogo kẹ̀kẹ́ àti ìró ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pa dé. Mo jókòó sétí ibùsùn, n kò mọ bóyá inú mi dùn ni tàbí ó bàjẹ́. Ẹnìkan ti ń kí mi fún oṣù mẹ́fà, n kò sì jẹ́ ẹ rí.

## Ibi mélòó kan, ilé ta

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ewì tí a ti ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú mọ́ mi. Akéwì Bai Juyi ṣe gómìnà Hangzhou láti 822 sí 824. Ó gun ẹṣin lọ sétí adágún yìí kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, ó sì kọ ọ́ pé níbi mélòó kan, àwọn ying tó tètè dé ń du igi tó móoru. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tuntun tó ń ṣa ẹrẹ̀, ilé ta ni wọ́n ń gbé e lọ?

Ibi mélòó kan. Ẹni tí kò bá débẹ̀ á kọ "níbi gbogbo". Ṣùgbọ́n òtútù kò tíì lọ tán, díẹ̀ nínú àwọn ẹyẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdí rèé tí wọ́n fi ń du igi tí oòrùn ń kàn. Wọn kì í du igi nígbà tí gbogbo ilẹ̀ bá ti móoru. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló sọ ọ̀sẹ̀ tí a wà nínú ọdún fún wa. Ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, n kò tiẹ̀ nílò olùtumọ̀. Ẹni tó bá dàgbà sábẹ́ òrùlé tí wọ́n ti fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ á mọ̀ pé ìbéèrè tòótọ́ ni "ilé ta": ẹyẹ náà ló ń yan ilé, kì í ṣe onílé ló ń yan ẹyẹ.

Akéwì Du Fu ní tirẹ̀ a máa ka iye ẹyẹ. Ní 764, ní Chengdu, lẹ́yìn tí ogun ọ̀tẹ̀ An Lushan tó bẹ́ sílẹ̀ ní 755 ti lé e láti ìlú dé ìlú, ó kọ ọ́ pé huangli méjì ń ké nínú willow tútù, ọ̀wọ́ lékeléke kan ń gòkè lọ sójú ọ̀run aláwọ̀ aró. Méjì. Ọ̀wọ́ kan. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, síbẹ̀ wọ́n tò, Du Fu sì rí i pé wọ́n tò. Huangli jẹ́ ẹyẹ àwọ̀ ìyeyè, nítorí náà láàárín ìlà méjì a ti rí ìyeyè lára àwọ̀ ewé, funfun lára àwọ̀ aró. Ọkùnrin tí ogun kò jẹ́ kó jókòó fún ọdún púpọ̀ ló ráyè kà wọ́n báyìí. Ọdún méje ṣáájú ìyẹn, nígbà tí Chang'an, olú ìlú, wà lọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀, ohùn ẹyẹ lásán ti já ọkàn rẹ̀ láyà, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo pe ẹyẹ Du Fu ní lékeléke nítorí ìbátan ni wọ́n. Bailu ni wọ́n ń pe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irú lékeléke tiwa, èyí tó ń tẹ̀lé màlúù kiri pápá, ó wà ní Ṣáínà pẹ̀lú. Orúkọ tí wọ́n fún un ni niubeilu, lékeléke ẹ̀yìn màlúù. Nígbà tí mo rí orúkọ yẹn, mo wo èékánná mi láìmọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti na ìka sókè rí, tí ẹ ń bẹ lékeléke tó ń fò kọjá pé kó fún yín ní funfun, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ní orílẹ̀-èdè méjì tí kò mọ ara wọn, àwọn kan ti dúró ti màlúù, wọ́n wo irú ẹyẹ kan náà, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí.

Confucius ti sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé lára èrè kíka ewì ni pé èèyàn á mọ orúkọ ẹyẹ, ẹranko, koríko àti igi púpọ̀. Tẹ́lẹ̀, èrè yìí dà bí èyí tó kéré jù nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò mọ ẹyẹ tó yẹ kó wà níbì kan kò lè mọ̀ nígbà tí kò bá sí níbẹ̀. Liu Zongyuan, tí wọ́n lé kúrò ní ààfin lọ sí Yongzhou ní 805, bẹ̀rẹ̀ ewì rẹ̀ tó lókìkí jù báyìí: lórí ẹgbẹ̀rún òkè, ẹyẹ kankan kò fò mọ́. Lẹ́yìn náà ló tó mẹ́nu ba ipasẹ̀ èèyàn tó pòórá, àti arúgbó kan ṣoṣo tó ń pẹja nínú yìnyín. Àwọn ẹyẹ tí kò sí ló kọ́kọ́ sọ òtútù yẹn fún wa.

## Ẹyẹ ké, òkè túbọ̀ dákẹ́

Ìlà kan wà tí n kò fara mọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Wang Ji ló kọ ọ́ ní ayé ìjọba Liang, ní ọ̀rúndún kẹfà, nígbà tó wà nínú ọkọ̀ lórí odò Ruoye, ní Shaoxing tí kò jìnnà sí wa níbí. Ó ní kòkòrò inú igi ń han, igbó túbọ̀ parọ́rọ́; ẹyẹ ké, òkè túbọ̀ dákẹ́. Mo bi ara mi pé báwo ni ariwo ṣe lè fi kún ìdákẹ́jẹ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Wang Anshi yí i padà nínú ewì tirẹ̀: ẹyẹ kankan kò ké, òkè túbọ̀ dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ló bú u, wọ́n ní ó sọ wúrà di irin. Èmi ti gbè sẹ́yìn Wang Anshi, torí tirẹ̀ ló bá ọgbọ́n orí mu.

Àárọ̀ Sátidé yẹn ló yí mi padà. Nígbà tí baitouweng ké, tó sì dánu dúró, mo gbọ́ bí ibi tí a wà ṣe tóbi tó. Mo gbọ́ omi tó ń lá etí òkúta. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ obìnrin yẹn níbi tó jìnnà. Kí ẹyẹ tó ké, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ di ariwo kan. Ohùn kékeré yẹn ló wá wọn ìdákẹ́jẹ́ fún mi, bí òkúta tí a jù sínú kànga ṣe ń sọ bó ti jìn tó.

Mo tún àròkọ náà kọ. Niao yu hua xiang kò sí nínú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò kórìíra rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló gbọ́ ọ. Mo kọ baitouweng, mo kọ igi kámífọ̀, mo kọ aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Nígbà tí olùkọ́ wa dá ìwé náà padà, kò sí ìlà pupa kankan. Ìbéèrè mìíràn ló wà nísàlẹ̀: "Ní ilé yín ńkọ́?"

Mo pe ìyá mi ní Ìkirè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn tí mo ti kí wọn tán, mo ní, "Màmá, ẹyẹ tó máa ń ké lẹ́yìnkùlé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Èwo nínú wọn?" ni wọ́n bi mí.

N kò lè fọhùn.

"Àbí ẹ̀gà lò ń sọ? Àwọn tó wà lórí ọ̀pẹ?" Wọ́n ní àwọn ẹ̀gà yẹn ló máa ń jí bàbá wa, tí wọ́n á máa bú wọn láti orí ibùsùn. Wọ́n ní wọ́n gé ọ̀pẹ náà nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ ilé sẹ́yìn, lọ́dún tí mo wọ yunifásítì. Mo bi wọ́n pé àwọn ẹ̀gà wá ńkọ́. Wọ́n ní, "Wọ́n ń fò yí ibẹ̀ ká fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn a ò rí wọn mọ́."

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n dúró. Mo gbọ́ ìró bàtà wọn, mo gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Wọ́n na fóònù síta.

"Àdàbà kan máa ń bà sórí ògiri yìí lọ́wọ́ ọ̀sán," ni wọ́n wí láti ọ̀nà jíjìn. "Má sọ̀rọ̀."

N kò sọ̀rọ̀. Àwọn náà kò sọ̀rọ̀. A wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó ké.